Ọmọ Ìsọ̀ Tó Dá Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Sílẹ̀: Jules Rimet, Red Star àti Àwa Ará Petit Marché

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá oníṣòwò ní Petit Marché, Niamey

 

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbésí ayé ẹni tó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń rò ó nínú pé kí ló kan ẹni tó ń ta ata, àlùbọ́sà Galmi àti aṣọ ní Niger pẹ̀lú òyìnbó tó ti kú láti ọdún 1956. Ó kàn wá. Ọmọ ọlọ́jà ni ọkùnrin náà. Ìdí igbá bàbá rẹ̀ ló ti mọ ayé. Mo sì gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wa níbí ń gbèrò láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, kó má jẹ́ pé ìdí ṣáyì ní fàdà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kóra jọ, nìkan ni wọ́n á máa jókòó sí lálaalẹ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí. Dídá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ ńlá ni kí olùdásílẹ̀ ṣe é débi pé, bí ó bá kú, ẹgbẹ́ ò ní bá a kú. Jules Rimet rí i ṣe. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣe é, ká wo ibi tó kù sí, ká sì wo ọmọ Yorùbá kan pẹ̀lú tó gbìyànjú irú rẹ̀ ní Èkó.

Láti oko dé ìsọ̀

Inú oṣù Kẹwàá ọdún 1873 ni wọ́n bí Rimet ní abúlé Theuley, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ìdílé àgbẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ oko kò mówó wọlé mọ́, bàbá rẹ̀ kó lọ sí Paris, ó ṣí ìsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan oúnjẹ. Ọmọdé ni Jules nígbà tó lọ bá wọn níbẹ̀. Ó ń kàwé, ó sì ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìsọ̀. Ó tẹra mọ́ ìwé títí ó fi di agbẹjọ́rò.

Kátólíìkì paraku ni. Ní ọdún 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá kọ ìwé gbajúmọ̀ kan sí gbogbo ìjọ lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ àti ojúṣe olówó sí tálákà. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lára. Ohun tó ń gbé e lọ́kàn láti ìgbà náà ni bí ọmọ olówó àti ọmọ òṣìṣẹ́ yóò ṣe máa rí ara wọn sójú láìsí pé ẹnì kan ń fojú di ẹnì kejì.

Nítorí ní Paris ayé ìgbà náà, eré ìdárayá kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Àwọn ẹgbẹ́ tó lórúkọ, bíi Racing Club àti Stade Français, àwọn ọmọ ilé ìwé ńlá ló dá wọn sílẹ̀, irú wọn náà ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Alágbàṣe tó bá fẹ́ sáré tàbí gbá bọ́ọ̀lù á lọ máa gbá a ní ìta gbangba.

Ilé kọfí kan ní rue de Grenelle

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1897, Rimet àti Modeste àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mélòó kan jókòó sí ilé kọfí kan ní rue de Grenelle. Ọmọ ọdún 23 ni Rimet. Wọn kò ní pápá, wọn kò ní olówó kankan lẹ́yìn. Wọ́n kàn da ọ̀rọ̀ rò, wọ́n sì gbà láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní olùkọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Miss Jenny ló dábàá orúkọ fún wọn, ó mú un láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tó máa ń wọ̀ lọ sí ilé: Red Star.

Ẹ fiyè sí nǹkan méjì. Èkíní, Rimet fúnra rẹ̀ kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí a lè máa ròyìn. Ìṣètò ló mọ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ òfin ẹgbẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń parí ìjà láàárín ènìyàn méjì tí kálukú wọn rò pé òun ló jàre. Èkejì, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n ti fi ẹnu kò pé wọn kò ní béèrè ọmọ ta ni ọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí o bá jẹ́ akọ̀wé, wọlé. Bí o bá jẹ́ agbẹ́gilére, wọlé. Nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì tún jókòó ka ìwé àti ewì.

Ọ̀rọ̀ owó ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn ọlọ́lá. Àwọn tó ń darí eré ìdárayá nígbà náà, tí Pierre de Coubertin tó jí Òlíḿpíìkì dìde wà lára wọn, ní ẹni tó bá gba sísì lórí eré kì í ṣe eléré gidi. Ó rọrùn fún ẹni tí bàbá rẹ̀ lówó láti sọ bẹ́ẹ̀. Alágbàṣe tó bá pa iṣẹ́ ọjọ́ kan tì nítorí ìdíje, ta ni yóò fún un lówó oúnjẹ? Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ìsọ̀ yín pa lọ́jọ́ kan mọ ohun tí mò ń sọ. Rimet kò gbà pẹ̀lú wọn. Ó pẹ́ kó tó rí i ṣe, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún 1932, ilẹ̀ Faransé ti gbà kí agbábọ́ọ̀lù máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ẹgbẹ́ náà kó lọ sẹ́bàá ọjà

Lọ́dún 1909, Red Star kó lọ sí Saint-Ouen, ní bèbè Paris lápá àríwá. Ìlú ilé-iṣẹ́ ni, ìlú ọjà sì ni pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ọjà àlòkù tó lókìkí jù ní ilẹ̀ Faransé wà. Àwọn tó ń ṣa àkísà àti irin kiri, tí wọ́n lé kúrò láàárín Paris, ló tẹ̀ ẹ́ dó. Títí di òní, òkìrìkà, àga àtijọ́, bàtà àti fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ẹni tó bá ti Petit Marché débẹ̀ kò ní ṣìnà.

Kíkó tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ ló gba Red Star là. Ẹgbẹ́ náà di ti àdúgbò. Ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Faransé lẹ́ẹ̀mẹta léra, ní 1921, 1922 àti 1923, ó tún gbà á ní 1928 àti 1942. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ife ni mo fẹ́ fi júwe bí ẹgbẹ́ náà ṣe wọ àwọn ènìyàn lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan fún yín.

Rino Della Negra ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti Ítálì wá wá iṣẹ́ ṣe ní ilẹ̀ Faransé, òun náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin. Ó dára lórí pápá, Red Star mú un lọ́dún 1943. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ló ń ṣàkóso Paris nígbà náà, Rino sì wọ ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń bá wọn jà, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé àjèjì ló pọ̀ nínú wọn. Wọ́n mú un, wọ́n sì yìnbọn pa á lọ́jọ́ 21 oṣù Kejì 1944, nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Ọjọ́ yẹn gan-an pé ọdún 47 tí Rimet àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí ilé kọfí. Nínú lẹ́tà ìkẹyìn tó kọ sí àbúrò rẹ̀, ó ní kó bá òun kí gbogbo Red Star. Ẹni tí ikú ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà, tó rántí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe eré nìkan ló bá lọ síbẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, àwọn alátìlẹyìn Red Star ń dárúkọ rẹ̀ nínú pápá.

Ife nínú àpótí

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Rimet. Ó jagun àgbáyé kìn-ín-ní, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akọni. Ní 1919 ó di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé, ní 1921 ó di ààrẹ FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 33. Ohun tó ṣe ní Red Star náà ló fẹ́ ṣe fún ayé: kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó má bèèrè ọmọ ta ni ọ́. Òlíḿpíìkì kò fẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó, nítorí náà òun àti Henri Delaunay alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní kí bọ́ọ̀lù ní ìdíje tirẹ̀. Ìpàdé FIFA ní Amsterdam fọwọ́ sí i lọ́dún 1928.

Uruguay gbà láti gbà wọ́n lálejò lọ́dún 1930, wọ́n tún ní àwọn á san owó ọkọ̀ àti ibùsùn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọ̀, wọ́n ní ọ̀nà jìn. Rimet bẹ̀, ó rọ̀, mẹ́rin péré ló gbà. Nínú oṣù Kẹfà, ó wọ ọkọ̀ Conte Verde ní Villefranche. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Romania wà nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n ń sáré lórí pákó ọkọ̀ kí ara wọn má baà le. Inú ẹrù Rimet ni ife náà wà: ère obìnrin abìyẹ́ tí Abel Lafleur fi fàdákà ṣe, tí wọ́n fi góòlù bò. Nígbà tí ọkọ̀ dé Rio, ikọ̀ Bùràsílì náà wọlé. Bí Ife Àgbáyé kìn-ín-ní ṣe la òkun kọjá nìyẹn, nínú ẹrù ọmọ oníṣòwò kan.

Orílẹ̀-èdè 13 ló kópa. Ní ìdíje ìbẹ̀rẹ̀, Thépot aṣọ́lé ilẹ̀ Faransé farapa, kò sì sí ìpààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù nígbà náà. Chantrel tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àárín ló wọ inú ilé dípò rẹ̀. Ọmọ Red Star ni àwọn méjèèjì. Uruguay ló gba ife náà níkẹyìn, wọ́n fi ayò 4 sí 2 lu Argentina. José Leandro Andrade, ọmọ ìran Adúláwọ̀ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ la oko ẹrú kọjá, wà láàárín pápá fún wọn.

Ẹ tún jẹ́ ká wò ó ní Rio lọ́dún 1950. Ife ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Bùràsílì kò nílò ju ọ̀mì lọ láti gbà á, ayò kan sí ọ̀kan ni wọ́n sì wà. Rimet ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sí ìwé ní èdè Potogí, ó fi í sápò, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìjókòó ńlá, ó gba abẹ́ ilé lọ sí pápá. Kó tó jáde, Uruguay ti jẹ ayò kejì. Ariwo àwọn ènìyàn tó tó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá dákẹ́ wáí. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó tò, kò sí orin orílẹ̀-èdè. Rimet nìkan dúró láàárín èrò pẹ̀lú ife lọ́wọ́ títí ó fi rí Obdulio Varela, ọ̀gá ikọ̀ Uruguay, ó gbé e fún un, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Ìwé ìkíni náà kò jáde nínú àpò.

Ibi tí ilẹ̀kùn náà kò ṣí dé

Mi ò ní fi Rimet hàn yín bí ẹni mímọ́. Lọ́dún 1934, Mussolini lo Ife Àgbáyé láti fi polówó ìjọba rẹ̀ ní Ítálì, Rimet sì jókòó níbẹ̀. Ní ti ilẹ̀ wa, ilẹ̀kùn tó ṣí ní rue de Grenelle kò ṣí tó bẹ́ẹ̀ fún Niamey tàbí Ìbàdàn. Abẹ́ àkóso Faransé ni Niger wà, abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà. Nígbà tí àkókò rẹ̀ ń parí lọ ní FIFA, orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré ló ń ṣojú Áfíríkà níbẹ̀: Íjíbítì, Sùdáànì, Etiópíà àti Gúúsù Áfíríkà.

Rimet kú nínú oṣù Kẹwàá 1956. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní Khartoum, wọ́n dá àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 1966 ń bọ̀, àyè 16 ló wà ní Ife Àgbáyé, kò sì sí èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Áfíríkà nínú rẹ̀. Ghana ti Nkrumah ló ṣíwájú, Áfíríkà kọ̀ láti kópa. Ní 1970, àyè kan di tiwa. Ẹ rí i pé ilẹ̀kùn tí olùdásílẹ̀ kò ṣí tán, àwọn tó kù níta ló máa ń tì í ṣí.

Israel Adebajo, oníṣòwò ìwé ní Èkó

Ó kan ọmọ tiwa wàyí. Olóyè Israel Adebajo ni ilé-iṣẹ́ Stationery Stores ní Èkó, tó ń ta ìwé, gègé àti àwọn ohun èlò ọ́fíìsì. Lọ́dún 1958 ó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó fún un ní orúkọ ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń wá àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá káàkiri, ó ń gbà wọ́n síṣẹ́, ó ń tọ́jú wọn. Láìpẹ́ gbogbo Èkó ń pariwo “Up Super!”, wọ́n ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní Adebajo Babes. Wọ́n gba Challenge Cup, ife ilẹ̀ Nàìjíríà, ní 1967 àti 1968. Nígbà tí Nàìjíríà lọ sí Òlíḿpíìkì ní Mexico lọ́dún 1968, tí wọ́n ta ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Bùràsílì, àwọn ọmọ Stores pọ̀ nínú ikọ̀ náà, Peter Fregene aṣọ́lé sì wà lára wọn.

Adebajo kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó dé ìdíje àṣekágbá ní Áfíríkà lọ́dún 1981, ó tún gba ife ilẹ̀ wa ní 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì Nàìjíríà ní 1992. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà kò jẹ́ kó ríbi jókòó, ẹgbẹ́ tí gbogbo Èkó ń tẹ̀lé sì di ohun tí bàbá ń ròyìn fún ọmọ.

Red Star náà rí ìṣòro. Lọ́dún 2003, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó jábọ́ sí ìdíje agbègbè, níbi tí ẹni tó bá wá wòran lè ka àwọn olùwòran tán. Àmọ́ ará Saint-Ouen kò jẹ́ kó kú. Wọ́n ń lọ sí pápá wọn ní òpópónà Dókítà Bauer, ipò yòówù kí ẹgbẹ́ wà. Díẹ̀ díẹ̀ ó gòkè, lọ́dún 2024 ó sì wọ ìpele kejì ní ilẹ̀ Faransé. Ìfẹ́ tí Adebajo ní sí bọ́ọ̀lù kò kéré sí ti Rimet, owó tó sì ná sórí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ju ti Rimet lọ. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé Red Star ní àdúgbò tó ń pè é ní tirẹ̀, Stores ní oníǹkan.

Ohun tí òfin ṣe fún Niger

Kí n tó dé orí ìmọ̀ràn mi, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwé òfin lè ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Niamey lọ́dún 2011 á rántí èyí. Niger ń wá ọ̀nà sí Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Íjíbítì, Gúúsù Áfíríkà àti Sierra Leone. Wọ́n lu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbí ní pápá Seyni Kountché. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Íjíbítì lù wọ́n ní Cairo ní 3 sí 0, Gúúsù Áfíríkà àti Sierra Leone sì ta ọ̀mì. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló wá ní àmì mẹ́sàn-án. Àwọn Gúúsù Áfíríkà ń jó yí pápá ká, wọ́n rò pé iye ayò ni wọ́n á fi yan ẹni tó lọ. Wọn kò ka ìwé òfin. Ìwé òfin ní ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú eré tó wáyé láàárín àwọn tó ní àmì kan náà ni yóò lọ. Niger ló lọ. Ijó di ẹkún ní Gúúsù Áfíríkà, ọjà yìí sì kún fún ayọ̀.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀, ohun mẹ́ta ni mo ní kí ẹ mú lọ.

Èkíní, ẹ kọ òfin kí ẹ tó ra bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń yan olórí, ìgbà tí yóò lò, àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Niger bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pẹ́ kó tó di ìjà.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ hàn sí gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni nínú yín tí yóò dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ tí kò ní káàdì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí sẹ́fà kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ẹgbẹ́ ní ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, kí ìyálọ́jà tó dá ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà lè béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe, kí wọ́n sì dá a lóhùn.

Ẹ̀kẹta ni yóò nira jù fún wa, nítorí a fẹ́ràn orúkọ. Ẹ má ṣe sọ ẹgbẹ́ náà ní orúkọ ìlú wa, ẹ má sì ṣe sọ ọ́ ní orúkọ olówó kankan. Ọmọ Zarma tó ń ti ọmọlanke, ọmọ Tuareg tó ń ta ṣáyì, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń rán aṣọ, ọmọbìnrin tó ń kiri omi, kí gbogbo wọn lè sọ pé tiwọn ni. Àwa ọmọ Yorùbá lè jẹ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò pọn dandan kí a jẹ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ dá owó fún wọn, ẹ gbà wọ́n nímọ̀ràn, kí ẹ sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn láti darí. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà títí, kí ó dá ohun tí aráàlú yóò máa pè ní tiwọn sílẹ̀.